Mo Ní Iyọ̀ Tó Nínú Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó wúwo. Mo ba iṣẹ́ ẹnì kan jẹ́, ṣíbí ni mo sì fi bà á jẹ́.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ olówó iyebíye. Ọmọ-ọmọ mi ní òun á bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni, kó má fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ahọ́n mi kì í ṣì í sọ. Bí iyọ̀ bá dín ní ìwọ̀n èékánná nínú ìkòkò tó máa bọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, màá mọ̀.

Ni wọ́n bá sọ ọ́ di òfin níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ sí ìkòkò ọbẹ̀ kí n tó tọ́ ọ wò. Alásè á kọ́kọ́ bu ṣíbí kan wá fún mi láìsí iyọ̀ rárá, màá tọ́ ọ wò, màá sì sọ iye iyọ̀ tó máa gbà. Tó bá fi sí i tán, á tún bu ṣíbí kejì wá. Bí mo bá ní "Ó tó," ó parí nìyẹn. Ọ̀gá pátápátá tó ń dé fìlà gogoro kì í bá mi jiyàn. Ìyá Oníyọ̀ ni gbogbo wọn ń pè mí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó lọ sílé ọmọ-ọmọ mi obìnrin. Ìyá Kékeré ni mo ń pè é, torí ojú ìyá mi ló gbé wáyé. Ní ọjọ́ ìbí mi, ó mú mi lọ jẹun níta. Mo bu ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ wọn sẹ́nu, mo ní ẹni tó sè é ń bá ẹnì kan jà lọ́wọ́, torí ó gbàgbé ìkòkò lórí iná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jó, ó wá sáré bu omi sí i. Alásè náà jáde wá, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní òótọ́ ni, òun àti ìyàwó òun ni. Ó wá bi mí bóyá mo lè sọ ẹni tó jàre. Mo ní ìyàwó ni.

Mi ò mọ̀ pé Ìyá Kékeré ti ká gbogbo rẹ̀ sórí fóònù.

Kí ọdún tó yí po, mo ti di Màmá Oníṣíbí. Ìlú wa tóbi, ilé oúnjẹ ibẹ̀ ò lóǹkà, àwọn èèyàn sì ń wá ẹni tó máa sọ èyí tó dáa fún wọn. Bí oúnjẹ bá dáa, màá na ṣíbí sókè. Bí kò bá dáa, màá dojú ṣíbí dé orí tábìlì. Àwọn tó ń wò wá á máa jiyàn nísàlẹ̀ fídíò pé alásè wo ló mọ ẹja sè jù, ibo ni búrẹ́dì ti dáa jù. Wọ́n á bú ara wọn tán, wọ́n á ní kí gbogbo ayé dúró de Màmá. Ní ìparí ọdún, a máa ń ka ilé oúnjẹ mẹ́wàá tó dáa jù nílùú. Ẹni tí a bá kà, kì í rí àga tó ṣófo mọ́.

Èmi tí mo ń fọ abọ́. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí á dìde fún mi nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní pa irọ́ kún irọ́.

Lẹ́yìn náà ni ibà gbé mi dálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dìde, ahọ́n mi ò bá mi dìde.

Mo gé àlùbọ́sà tútù jẹ, àfi bíi pé mo ń jẹ ìwé tó rin. Mo ṣí ìgò fínígà, mo gbé imú lé e, ó dà bí omi ẹ̀rọ. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní ó lè padà, ó sì lè má padà, lọ́jọ́ orí mi, kí n máa ṣe sùúrù.

Mo ti pinnu láti sọ fún Ìyá Kékeré lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo jókòó dè é. Ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ju báàgì ọ́fíìsì rẹ̀ sórí àga. Ó ní òun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ò lè máa fi ọjọ́ Sátidé nìkan ṣe nǹkan yìí mọ́.

Ó ní, "Màmá, ahọ́n yín ni iṣẹ́ mi báyìí."

Mo ní kó lọ bọ́ bàtà.

Ẹ má rò pé ó ṣòro láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Mo ti pẹ́ nílé ìdáná. Ojú mi ṣì ń rí ọbẹ̀ tí òróró rẹ̀ ti yapa. Eyín mi ṣì ń mọ ìrẹsì tó pẹ́ lórí iná. Ohun tí ojú àti eyín ò bá sọ fún mi, mo ń kà á lójú Ìyá Kékeré. Mo ní kó máa kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀, pé àgbà ló ń kẹ́yìn. Bí iwájú orí rẹ̀ bá sún kì, mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe oúnjẹ náà. Bí ó bá mi orí díẹ̀ pé ó dùn, màá na ṣíbí.

Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà a lọ sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n fi gíláàsì kọ́ láti òkè délẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé abọ́ wá bíi pé ọmọ tuntun ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Ọ̀fìnkìn ń da Ìyá Kékeré láàmú lọ́jọ́ náà, kò jẹ nǹkan kan. Ẹja tí wọ́n gbé wá rí rèǹtè-rente lójú. Mo na ṣíbí sókè.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò pé ẹja ibẹ̀ ti ń kan, pé inú run àwọn. Mo ní kí Ìyá Kékeré fún wọn lésì pé ẹnu wọn ni kò mọ oúnjẹ. Ó fún wọn lésì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màmá ò gba gbẹ̀rẹ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn nígbà tí Sùúrù ránṣẹ́ sí wa.

Abẹ́ mi ni Sùúrù ti kọ́ iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwa la sọ ọ́ ní Sùúrù, torí bí ilé ìdáná bá gbóná tí gbogbo èèyàn ń pariwo, òun á dúró ti ìkòkò tirẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ọdún méjìdínlógún ló fi ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun á ní ilé oúnjẹ ti òun. Ó wá ní in. Tábìlì mẹ́jọ péré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló kan gbogbo tábìlì náà, ó sì kú kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Sùúrù ní ìbẹ̀rẹ̀ ò rọrùn, ṣùgbọ́n bí Ìyá Oníyọ̀ bá lè wá kí a tó ka àwọn mẹ́wàá tọdún yìí, òun mọ̀ pé òun á dúró.

A lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdé kan. Ìyá Kékeré ń to fóònù sórí tábìlì. Sùúrù fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná, ó ní kí n wá wò ó. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti gbé àwòrán ọkọ rẹ̀ kọ́ sókè fìríìjì. Ó ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń sọ̀rọ̀, a ń rántí ọ̀gá onífìlà gogoro àti bó ṣe máa ń fara pamọ́ fún mi bí ọbẹ̀ bá jó. Ó ṣí ìkòkò, ó bu omi ọbẹ̀ adìyẹ sínú ṣíbí, ó fi ọwọ́ kejì gbà á lábẹ́ kó má kán sílẹ̀, ó gbé e wá sẹ́nu mi gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe é.

Mo gbé e mì. Ó gbóná. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ó tó."

Ṣíbí náà dúró ní àárín èmi àti òun. Ó ń wò mí. Mo rò pé inú ló ń dùn ún. Mo wá rí i pé kì í ṣe ojú ìdùnnú.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Ìyá wa, ṣíbí àkọ́kọ́ ni o. Mi ò tíì fi iyọ̀ kankan sí i."

Òfin tí wọ́n tìtorí tèmi ṣe, tí gbogbo wọn ń tẹ̀lé, èmi ni mo gbàgbé rẹ̀. Mo di etí tábìlì mú.

Sùúrù fa àga fún mi. Ó bi mí bóyá ó ti pẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ọmọ tó wà níta mọ̀. Mo ní rárá. Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní kí n má da ara mi láàmú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó tún fi díẹ̀ sí i. Ó ní kí n lọ jókòó, òun ń gbé e bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti ilé ìdáná yẹn dé ìdí tábìlì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Àárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn ni mo ti di ìkà.

Mo rò ó báyìí: obìnrin yìí ti mọ̀. Lónìí ó ní òun ò ní sọ. Lọ́la ńkọ́, bí ẹnì kan bá mú un bínú? Bí mo bá na ṣíbí fún un, tó wá lanu sọ̀rọ̀, gbogbo ayé á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dojú ṣíbí dé, ohun yòówù kó sọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní inú ló ń bí i.

Ìyá Kékeré jẹ tirẹ̀. Ó di ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí i. Mo rí i dáadáa.

Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e mì, mo dojú ṣíbí dé orí tábìlì tí káfíńtà kàn.

Mo wojú fóònù, mo ní, "Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀. Ẹni tí kò mọ iyọ̀ fi sí ọbẹ̀, kí ló ń wá nílé ìdáná?"

Sùúrù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó gbé búrẹ́dì náà sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì wọlé padà.

Nínú ọkọ̀, Ìyá Kékeré ní ọbẹ̀ yẹn dùn lẹ́nu òun o. Mo bi í pé ṣé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun náà fi tọ́ ọbẹ̀ wò ni. Ó ní kí n má bínú.

Fídíò yẹn rìn ju gbogbo èyí tí a ti ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ di àwàdà káàkiri ìlú. Bí ẹnì kan bá ṣe nǹkan láìmọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á ní kí ló ń wá nílé ìdáná. Àwọn aláìníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà Sùúrù. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n á tò ó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Ìyá Kékeré kọ́kọ́ fi hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi òmíràn hàn mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú èyí, Sùúrù wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ kó iyọ̀ kúrò níwájú ilé oúnjẹ rẹ̀, ní ojúmọmọ, tí àwọn èèyàn ń kọjá.

Mo dúró kí Sùúrù tú àṣírí mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró. Mo ti pèsè ohun tí màá fi dá a lóhùn. Kò sọ̀rọ̀.

A ka àwọn mẹ́wàá. Ilé onígíláàsì wà nínú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sùúrù kọ̀wé sí wa, kò bú wa, ó kàn ní kí a mọ̀ pé obìnrin náà ti kó tábìlì rẹ̀ jáde.

Mo jẹ oúnjẹ mi lọ́jọ́ yẹn. Mo sùn. Ẹ̀rí ọkàn mi ti kú bí ahọ́n mi.

Tíì ló tú mi fó.

Ìyá Kékeré ra ike méjì tuntun, ó da ṣúgà sí ọ̀kan, ó da iyọ̀ sí èkejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń kánjú, ó po tíì fún àwa méjèèjì. Mo jókòó sídìí fèrèsé, mo ń mu tèmi, mo ń wo àwọn aládùúgbò tó ń sá aṣọ. Mo gbọ́ tí ó tu nǹkan sínú síńkì. Mi ò yíjú. Mo tún mu ẹnu kan.

Kò sí ariwo lẹ́yìn mi mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú mi wẹ̀yìn. Ìyá Kékeré dúró, ó di kọ́ọ̀pù rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ wà lára kọ́ọ̀pù tèmi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ó ní, "Màmá, báwo ni tíì yẹn ṣe rí?"

Mo ní, "Ó dùn. O ṣeun, ọmọ mi."

Ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ní iyọ̀ ni. Ó ní ṣíbí méjì kíkún lòun dà sí i. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní láti ìgbà ibà. Mo rí i tí ó ń ka àwọn oṣù náà lọ́kàn, tí ó ń ka ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ilé onígíláàsì, àwọn tí inú run. Ó dé ọ̀dọ̀ Sùúrù, ó sì dúró.

"Màmá, ọbẹ̀ yẹn dùn. Mo sọ fún yín pé ó dùn."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní kí wá ló dé. Mo sọ fún un. Mo sọ ṣíbí àkọ́kọ́, mo sọ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Mo rò pé á pariwo. Ìbá dáa kó pariwo. Ó kàn gbé fóònù dúró síwájú mi, ó fi ike ṣúgà tì í lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ sọ ọ́ báyẹn náà fún wọn." Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo sọ ọ́. Èébú tí wọ́n bú mi lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ó tọ́ sí mi. Ìyá Kékeré lọ bẹ ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́. Wọn ò gbà á padà. Ilé ìtajà bàtà ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó sì ń dúró lórí ẹsẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ṣì ń kí mi ní gbogbo àárọ̀. Ṣùgbọ́n kò pè mí jáde lọ jẹun mọ́.

Mo wá Sùúrù. Aránṣọ ló júwe ibi tó wà fún mi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rò pé mo ṣìnà. Ilé onígíláàsì ni. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, níbi tí wọ́n ń já ẹrù sí. Sùúrù jókòó sórí àpótí onípákó, ó ń bó àlùbọ́sà sínú bàsíà ńlá, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí àlùbọ́sà. Mo dúró tì í títí ó fi gbójú sókè. Ó kí mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ẹ̀yin èèyàn, lórí ilẹ̀ tó tutù yẹn.

Mo ní mo wá bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ́ tán. Ó ní òun ti rí i lórí fóònù, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló fi hàn òun. Mo ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, pé màá bá a sọ fún ayé. Ó ní ilé yẹn ti di ti ẹlòmíì, tábìlì ọkọ òun sì ti lọ sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun ò mọ ibi tí wọ́n wà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò.

Mo ní ṣé kò bínú sí mi ni.

Ó bó àlùbọ́sà méjì kó tó dá mi lóhùn. Ó ní inú bí òun, ó ṣì ń bí òun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun ò rí ìdáhùn sí.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n máa bá yín tọ́ ọ wò? Nínú ilé ìdáná yẹn, lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ahọ́n mi. Ohun tí ahọ́n yín ìbá sọ, òun náà ni ǹ bá sọ fún yín."

Ẹnì kan pè é láti inú. Ó gbé bàsíà náà, ó wọlé.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo ń se oúnjẹ ilé wa kí Ìyá Kékeré tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Bí ó bá wọlé, màá bu ṣíbí kan, màá fi ọwọ́ kejì gbà á lábẹ́, màá gbé e wá síwájú rẹ̀, màá sì dúró kó sọ fún mi iye tó máa gbà.

Nígbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ kó tó la ẹnu.